Jíà Kejì

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù wa l'Ódè Rẹ́mọ,
ọkọ̀ pupa kan tó balẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́.
Ajá wa dúró tì í,
orí ajá ga ju fèrèsé lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Odùfúwà ló ni ín.
Amẹ́ríkà ló ti kó o wá.
Ó san owó ẹnubodè, ó san owó tí kò ní rìsíìtì,
ó wá kù ú ku kó máa bá a jà.
"Mo fi sí ọ̀kan," ó ní, "mo rọra tẹ iná,
mo fa ọ̀pá kó wọ èjì,
ló bá já a gbà lọ́wọ́ mi, ó di ẹ̀rin!
Ẹ̀rin, lórí òkè Ìṣarà!
Ọkọ̀ ń gbọ̀n, ẹ́ńjìnnì ń kùn,
ẹlẹ́kẹ́ẹ̀kẹ́ kọjá mi, ó juwọ́ sí mi."

Mo tẹ́ páálí, mo wọ abẹ́ rẹ̀.
Ó wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíábọ́ọ̀sì,
ìka irin kan, kò ju àtàǹpàkò mi lọ,
wáyà méjì ló so mọ́ ọn nídìí.
Bí o bá ń rọra lọ, kọ̀ǹpútà á rán an níṣẹ́,
á na ara rẹ̀, á dínà èjì, á dínà ẹ̀ta.
Bí o bá fi ìbínú tẹ iná,
á ká kò: ẹ máa kọjá, sà.
Oníwà pẹ̀lẹ́ nìkan ló ń dá lọ́nà.

Nítorí epo ni.
Àwọn tó rọ ọ́ ń ṣọ́ epo bí Ìjẹ̀bú ṣe ń ṣọ́ kọ́bọ̀
(ọmọ Rẹ́mọ ló sọ ọ́, ẹ má bínú).

Mo pẹ́ lábẹ́ ibẹ̀ ju bí iṣẹ́ náà ṣe tó lọ.
Mo mọ irú ìka bẹ́ẹ̀.
Kíláàsì kejì ni mo wà tí Tíṣà Ṣótúnbọ̀ wọlé,
ó ní Ẹfúnyẹmí ti gbọ́n jù,
ó dì mí lápá mú, ó gbé mi lọ sí kíláàsì kẹrin.
Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá mi ra búrẹ́dì olóòjò.
Ta ló bi mí léèrè ohun tó wà ní kíláàsì kẹta?
Pínpín ló wà níbẹ̀, èyí tó ní àṣẹ́kù.
Títí dòní, bí mo bá fẹ́ pín owó fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mẹ́ta,
mo máa ń kọ́kọ́ kọjú sí ògiri, kí n tó ka ìka.
Ọmọ tó rìn láìrá, ìyá rẹ̀ a máa yangàn;
orúnkún rẹ̀ ni kò mọ ilẹ̀.

Mo jáde. Mo ní:
"Ẹ lè máa tẹ̀ ẹ́ títí ohùn rẹ̀ á fi le kí ẹ tó yí i,
èjì á wọlé láìjiyàn,
epo yín á sì máa lọ bí àgbàrá.
Tàbí kí n yọ wáyà yìí,
kí n fi rẹ̀síṣítọ̀ kékeré kan dí i lẹ́nu,
kí kọ̀ǹpútà máa rò pé ìka ṣì ń bẹ lẹ́nu iṣẹ́."
Ó béèrè iye tó jẹ́. Mo sọ fún un.
Ó ní ó ti wọ́n jù.
Mo ní, "Ìrọra ló wọ́n, sà."

Ìrọ̀lẹ́, a gbé e jáde.
Èjì wọlé kì, bí ilẹ̀kùn tó bá férémù rẹ̀ mu.
Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín,
ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀kan,
níwájú ilé epo, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì,
níwájú àwọn tó ń ṣa obì sínú apẹ̀rẹ̀,
ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, kò yára rárá.

Mo jókòó tì í, ẹnu wáyà ń bẹ lápò mi.
Nígbàkúùgbà tí ẹ̀ta bá wọlé,
mo ń sọ ọ́ sínú, kó má baà gbọ́:
mẹ́tàdínlógún, pín in sí ọ̀nà mẹ́ta,
márùn-ún,
ó ku méjì.